Tẹlifíṣọ̀n tààràtà lórí fóònù nílẹ̀ Okun: kí la lè ṣe tí kò fi ní máa já lálẹ́?

Tíṣà_Ìsánlú

Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan ni mo gbé wá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Bàbá mi ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, ìròyìn aago mẹ́wàá alẹ́ ti Channels kò sì gbọdọ̀ fò wọ́n ru. Tẹlifíṣọ̀n ilé ti bàjẹ́, a ò tíì ra òmíràn nítorí pé iná kì í dúró, nítorí náà orí fóònù mi ni wọ́n ti ń wò ó, lórí YouTube. Lọ́sàn-án, geere ló ń lọ. Tó bá ti di alẹ́ báyìí, á bẹ̀rẹ̀ sí í já, róbótó á máa yí láàárín ojú fóònù, bàbá á sì máa bi mí bóyá wọ́n ti pa ilé-iṣẹ́ náà ni. Tó bá wá jẹ́ ọjọ́ tí Super Eagles ń gbá bọ́ọ̀lù, àwọn ará ilé kejì á ti hó "góòòlù!", tiwa ṣì wà níbi tí wọ́n ti ń ju bọ́ọ̀lù wọlé.

Android ni fóònù mi, kì í ṣe tuntun, RAM rẹ̀ jẹ́ 3GB. 4G ló máa ń hàn lókè rẹ̀, ọ̀pá nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì máa ń pé. Dátà wà níbẹ̀. Ẹni tó bá mọ ohun tí à ń ṣe sí i, kó ṣàlàyé fún mi yékéyéké. Bó bá jẹ́ pé fóònù ni màá pààrọ̀, ẹ sọ fún mi, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó dá yín lójú kí ẹ tó sọ ọ́, torí owó ò sí nílẹ̀.

Atúnfóònùṣe_Kabba

Tíṣà, ẹ kú ìtọ́jú bàbá. Kí ẹnikẹ́ni tó dá nẹ́tíwọ́ọ̀kì tàbí fóònù lẹ́bi, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ irú jíjá tó ń já, torí oríṣi méjì ló wà, oògùn wọn ò sì jọra.

Bí àwòrán àti ohùn bá jọ dúró lẹ́ẹ̀kan náà, tí róbótó ń yí, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Fídíò ò tíì dé ọwọ́ fóònù, fóònù ò sì lè fi ohun tí kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ hàn yín. Ṣùgbọ́n bí ohùn bá ń lọ ní tirẹ̀ láìdúró, tí àwòrán wá ń fo, tí ẹnu ẹni tó ń ka ìròyìn ò bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu mọ́, fóònù ló ń jìyà. Ọ̀nà tuntun tí wọ́n ń gbà di fídíò sínú fáìlì báyìí, bíi VP9 àti AV1, kì í fi dátà ṣòfò, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo fóònù ló ní ẹ̀yà ara tó lè tú u. Èyí tí kò bá ní i, ọpọlọ fóònù gan-an ló máa ṣe gbogbo iṣẹ́ náà. Á gbóná, tó bá sì ti gbóná tán, á dín ìyára ara rẹ̀ kù kó má baà jó. Ibẹ̀ lẹ máa ti rí i pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ dára, lẹ́yìn náà ó wá di wàhálà.

Bí ẹ bá fẹ́ rí i fójú ara yín: ẹ ṣí YouTube, ẹ lọ sí Settings, ẹ wọ General, ẹ tan "Enable stats for nerds". Nígbà tí ìròyìn bá ń lọ, ẹ tẹ àmì jíà tó wà lókè fídíò, ẹ tún yan Stats for nerds. Ìwé kékeré dúdú kan á bo igun àwòrán. Ìlà kan wà níbẹ̀ tó ń sọ fídíò ìṣẹ́jú-àáyá mélòó ló ti wọlé sílẹ̀ tí ẹ ò tíì wò, òmíràn ń ka iye àwòrán tó bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Ẹ wò ó lọ́sàn-án, ẹ wò ó lálẹ́, kí ẹ wá sọ ohun tí ẹ rí fún wa.

Ìyá_Ìbejì_Mọ̀pà

Mo jókòó ti ọ̀rọ̀ yìí o. Tèmi náà rí bẹ́ẹ̀, ìsìn ọjọ́ Àìkú ti ìjọ wa ní Èkó ni mo máa ń wò.

Tíṣà_Ìsánlú

Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Mo ti wò ó. Àwọn méjèèjì ló máa ń jọ dúró, ohùn àti àwòrán. Lọ́sàn-án, fídíò tó wà nílẹ̀ máa ń tó ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kì í fi bẹ́ẹ̀ mì. Lálẹ́, mo ń wò ó tó ń sọ̀ kalẹ̀: 7, 4, 2, òdo. Bó bá ti kan òdo báyìí ni róbótó á dé. Àwòrán tó bọ́ kò tó nǹkan.

Injiníà_Òpó

Ẹ kú alẹ́ o. Ọmọ Mọ̀pà ni mí, Àbújá ni mo ń gbé, iṣẹ́ òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni mo ń ṣe. Ohun tí Tíṣà kọ yìí ti parí àríyànjiyàn. Fóònù yín ò ní àrùn kankan, ẹ má nàwó lé e.

Fóònù kan náà ni, àga kan náà lẹ jókòó sí, ohun tó yàtọ̀ láàárín ọ̀sán àti alẹ́ ni iye èèyàn tó ń lo òpó yẹn pẹ̀lú yín. Ẹ wo bọ̀rìhóò àdúgbò. Bí èèyàn méjì bá wà nídìí ẹ̀rọ, wéré ni garawa á kún. Bí ogójì bá tò síbẹ̀, omi inú ilẹ̀ ò dín kù, ẹ̀rọ ò bàjẹ́, àmọ́ ẹ máa dúró. Láti nǹkan bí aago méje sí mọ́kànlá alẹ́, àwọn èèyàn ti dé láti oko, láti ọjà, láti ilé-ẹ̀kọ́, oníkálukú sì ti gbé fóònù rẹ̀ jáde. Ọ̀pá mẹ́rin tó pé lókè fóònù ò lè sọ èyí fún yín. Bí ohùn òpó ṣe ń dé ọ̀dọ̀ yín tó nìkan ló ń wọ̀n, kò mọ iye ẹni tó ń jọ yín pín in. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pá fi lè pé kí fídíò má sì lọ.

Kí ló wá dé tí fíìmù tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ fi ń lọ ní alẹ́ kan náà tí ìròyìn tààràtà ń já? Wọ́n máa ń gé fídíò tààràtà sí wẹ́wẹ́, ẹyọ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀. Apple ló gbé ọ̀nà kan tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń lò jáde ní 2009, HLS ni wọ́n ń pè é, ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́fà sì ni wọ́n ní kí ẹyọ kan jẹ́. Fóònù á máa gbà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, á tò wọ́n, á máa fi wọ́n hàn. Bó bá jẹ́ fíìmù àtijọ́ ni, fóònù lè sáré gba ti ìṣẹ́jú mélòó kan síwájú nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá dára, kó kó o pa mọ́ de ìgbà tí kò ní dára. Ti ìròyìn tààràtà, kò sí ohun tó fẹ́ kó pa mọ́, torí ẹni tó ń ka ìròyìn ò tíì sọ ọ̀rọ̀ tó kàn. Ìwọ̀nba tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀ lọ. Bí òpó bá mí kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ó ti tán nìyẹn.

Nítorí náà, nǹkan méjì ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe lálẹ́ òní. Ẹ má fi ìdíwọ̀n àwòrán sí Auto. Lójú fídíò yẹn, ẹ tẹ jíà, Quality, Advanced, ẹ yan 360p fúnra yín; bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe ga tó ni àwòrán á ṣe mọ́ tó, tí á sì jẹ dátà tó. Auto máa ń fo sókè bí ààyè bá ṣí díẹ̀, ó máa ń béèrè ohun tí òpó ò ní lè fún un fún ìgbà pípẹ́, á wá já kó tó rántí sọ̀ kalẹ̀. Lójú fóònù kékeré, ìyàtọ̀ 360p àti 720p ò tó ohun tí èèyàn ń ba alẹ́ rẹ̀ jẹ́ nítorí ẹ̀.

Èkejì: bí ìròyìn bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ dá a dúró, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan gbáko, kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ padà. Ẹ má tẹ ibi tí wọ́n kọ LIVE sí o, torí yóò fò padà síwájú ni. Báyìí ẹ ti fi ìṣẹ́jú kan wà lẹ́yìn ohun tó ń ṣẹlẹ̀, ìṣẹ́jú kan yẹn ti wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, fóònù yín á rí nǹkan kó pa mọ́. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ìròyìn tó wà lórí YouTube ló fàyè gba kéèyàn dá a dúró bẹ́ẹ̀. Kò sí ohun tí bàbá máa pàdánù bí wọ́n bá gbọ́ ìròyìn ní ìṣẹ́jú kan lẹ́yìn ará Èkó.

Akẹ́kọ̀ọ́_Okun

Ti ìròyìn yé mi, ẹ̀gbọ́n. Ti bọ́ọ̀lù ńkọ́? Ta ló fẹ́ wà lẹ́yìn?

Injiníà_Òpó

Àbúrò, ẹ̀yìn lo wà tẹ́lẹ̀, bí o fẹ́ bí o kọ̀. Kó tó kúrò ní pápá, kí wọ́n gé e, kí wọ́n dì í, kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ, ó sábà máa ń tó ìdajì ìṣẹ́jú. Ẹni tó ní díìṣì lórí ilé máa ń rí i ṣáájú ẹni tó ń wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sí sẹ́tíǹgì fóònù tó lè yí ìyẹn padà. Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ láti yàn ni bóyá o fẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ kó má já, tàbí kó sún mọ́ kó máa já.

Mo rántí alẹ́ ọjọ́ 7 oṣù kejì 2024, Nàìjíríà àti South Africa ní Bouaké. Osimhen gbá bọ́ọ̀lù wọ àwọ̀n, gbogbo ilé hó. Ẹnu hó-hó yẹn ni wọ́n wà tí VAR fi pè é padà, tí wọ́n fún South Africa ní pẹ́nárítì, tó fi di 1-1. Gbogbo ìyẹn ò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹni tí tirẹ̀ sì ń já kò mọ bí góòlù wa ṣe di tiwọn. Ní tèmi, kí n wà lẹ́yìn kí n rí gbogbo rẹ̀ pé pérépéré sàn jù.

Ìyá_Ìbejì_Mọ̀pà

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ṣeun. Ìbéèrè tèmi wà lórí owó. Láti ìgbà tí NCC, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù, ti fọwọ́ sí ẹ̀kúnwó 50% ní oṣù kìíní 2025, dátà ti di ohun tí à ń fi ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ mú. Ìsìn wa máa ń tó wákàtí mẹ́ta. Mélòó ni 360p tí ẹ ń sọ yìí máa jẹ nínú rẹ̀? Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀ bí ẹni ń ṣírò ọjà.

Injiníà_Òpó

Màmá, ẹ kú ọjà o. Ìṣirò rẹ̀ nìyí. Mẹ́gábíìtì kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí a ń kọ ní 1Mbps, bó bá ń ṣàn fún wákàtí kan gbáko, 450MB ni. Google fúnra wọn kọ ọ́ sílẹ̀ fún YouTube pé 360p ń fẹ́ 0.7Mbps, 480p ń fẹ́ 1.1, 720p ń fẹ́ 2.5, 1080p ń fẹ́ 5. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ di dátà: 360p á jẹ nǹkan bí 315MB ní wákàtí kan, 480p á jẹ nǹkan bí 495MB, 720p á lé ní 1GB, 1080p á lé ní 2GB. Ìsìn wákàtí mẹ́ta yín ní 360p ò ní ju 1GB lọ. Ní 1080p, ó lè sún mọ́ 7GB. Àdúrà kan náà ni, ìwàásù kan náà ni.

Bó bá sì jẹ́ ohùn nìkan lẹ fẹ́, bí ìjọ yín bá ní rédíò orí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tó ń lọ ní 64kbps kì í jẹ tó 30MB ní wákàtí kan.

Ìyá_Ìbejì_Mọ̀pà

Ọlọ́run á bù kún yín. 315 ni mo mú.

Ọmọ_Ògìdì

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n ti sọ ti èrò tó pọ̀ lórí òpó, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n fún àwa tá a wà láàárín àpáta, ìṣòro míì wà ṣáájú ìyẹn. Òkè ni gbogbo àyíká wa. Bí òkè bá wà láàárín ilé rẹ àti òpó, ìwọ̀nba tó bá yí gba ẹ̀gbẹ́ òkè ló máa dé ọ̀dọ̀ rẹ. Ẹ tún wá wo páànù tá a fi bo ilé: irin ni, irin kì í sì í jẹ́ kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọjá. Ilé tí páànù bò, tí bíríkì rẹ̀ nípọn, tí àjà ò sí, bí ẹ bá wà nínú yàrá àárín, fóònù yín ń pariwo kí òpó tó gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ohun tí mo ṣe nìyí. Lórí ọ̀pọ̀ Android, bí ẹ bá tẹ *#*#4636#*#* bí ẹni fẹ́ pe èèyàn, ojú ìwé kan á ṣí, ẹ yan Phone information. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ dBm sí, òun ló ń wọn agbára nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń dé ọ̀dọ̀ yín. Nọ́ńbà tó ní àmì ìyọkúrò níwájú ni, bó bá ṣe sún mọ́ òdo tó ló dára tó: tí 4G bá wà ní −85, ó dára gan-an, −100, a lè mú un báyìí, bó bá ti kọjá −110 lọ sí −118, ìyà ni. Mo gbé fóònù yíká ilé wa. Nínú yàrá, −116. Lórí tábìlì pálọ̀, −109. Lójú fèrèsé tó kọjú sí ọ̀nà Ìyàrà, −96. Ilé kan ṣoṣo o, ìgbésẹ̀ díẹ̀ ló wà láàárín wọn.

Mo wá mú fóònù àtijọ́ kan tí gíláàsì rẹ̀ ti fọ́, tó ṣì ń gba 4G, mo ki síìmù dátà bọ̀ ọ́, mo so ó mọ́ ojú fèrèsé yẹn, mo tan hotspot. Fóònù tí mò ń wò wà lọ́wọ́ mi nínú pálọ̀, wífáì ló fi ń gbà á. Bí hotspot bá bi yín léèrè 2.4GHz tàbí 5GHz, 2.4 ni kí ẹ yàn bí ògiri bá wà láàárín, òun ló ń gba inú ògiri kọjá jù. Kí oòrùn má pa fóònù ojú fèrèsé o. Láti ìgbà náà, mi ò tún gbé fóònù sókè kiri yàrá mọ́.

Atúnfóònùṣe_Kabba

Iṣẹ́ ọwọ́ gidi nìyẹn, Ọmọ Ògìdì. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan kún un, torí ojú ìwé tí ẹ sọ yẹn, ibẹ̀ náà ni àwọn kan ti máa ń yan "LTE only", ìyẹn 4G nìkan, kí fóònù má baà sá lọ sí 3G. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí síìmù tàbí fóònù yín ò bá ní VoLTE, ìyẹn ohun tó ń jẹ́ kí ìpè gba orí 4G, ìpè ò ní wọlé rárá nígbà tí ẹ bá fi síbẹ̀. Ará ilé á máa pè yín, wọ́n á sọ fún un pé ẹ ò sí. Ẹ má fi irú rẹ̀ sórí fóònù tí àgbàlagbà ń lò.

Ọ̀rọ̀ ìpè yìí gan-an wà lára ohun tó ń já fídíò. Fóònù tí kò ní VoLTE, bí ìpè bá wọlé, á fi 4G sílẹ̀ lọ 3G tàbí 2G láti gbé e, fídíò á kú. Bí síìmù bá jẹ́ méjì, bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ lórí ìkejì, dátà ti èkínní máa ń dúró lórí ọ̀pọ̀ fóònù wa. Ìdí mìíràn nìyẹn tí fóònù ojú fèrèsé fi dára, kí ó jẹ́ síìmù dátà nìkan ló wà nínú rẹ̀, síìmù tí àwọn èèyàn kì í pè.

Kí ẹ sì tó jókòó, ẹ pa ohun tó ń jẹun lábẹ́lẹ̀: Play Store tó ń tún àwọn ápù ṣe fúnra rẹ̀, WhatsApp tó ń gba fídíò gbogbo gúrúùpù wọlé láìbéèrè. Ẹ yọ Battery saver náà kúrò, ó máa ń dín ìyára fóònù kù.

Akẹ́kọ̀ọ́_Okun

Ẹ ṣeun gbogbo yín. Ní ti bọ́ọ̀lù, àwa ọmọ ilé-ìwé máa ń rí línkì ọ̀fẹ́ lórí Telegram. Ẹ sọ òtítọ́ fún mi, ṣé òun ló ń já ni àbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì? Torí YouTube ń lọ dáadáa fún mi, línkì yẹn ni kì í lọ.

Ẹ̀gbọ́n_Ẹ̀gbẹ̀

Àbúrò mi, línkì yẹn ló ń já. Ilé-iṣẹ́ ńlá máa ń pèsè fídíò kan náà ní ìdíwọ̀n mẹ́rin, márùn-ún, kí fóònù lè yan èyí tágbára rẹ̀ ká. Ẹni tó jí i gbé sórí línkì sábà máa ń ní ẹyọ kan, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn á sì dà bò ó lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ohun tí 4G rẹ lè ṣe sí i. Ìpolówó tó ń ṣí gba ẹ̀yìn sì ń jẹ dátà rẹ.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ju ìyẹn lọ ni àwọn tó ń ní kí o gba fáìlì apk wọn, ìyẹn ápù tí kò gba orí Play Store wá, kí o tó lè wò ó. Bí o bá gbé e wọlé, tó ní kí o jẹ́ kí òun máa ka SMS, tí o sì tẹ Allow, o ti fún un ní ọ̀nà sí nọ́ńbà tí báńkì ń fi ránṣẹ́ sí ọ. Mo bẹ̀ ọ́, bó bá wà lórí fóònù rẹ, yọ ọ́ lónìí, kí o sì yí pásíwọ́ọ̀dù rẹ padà.

Akẹ́kọ̀ọ́_Okun

Mo ti gbọ́, ẹ̀gbọ́n, màá yọ ọ́. Àmọ́ owó oṣù kan lórí ápù bọ́ọ̀lù pọ̀ fún ọmọ ilé-ìwé, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni mo sọ.

Ẹ̀gbọ́n_Ẹ̀gbẹ̀

Ó pọ̀ lóòótọ́, mi ò ní bá ọ jiyàn. Ẹ̀yin márùn-ún, mẹ́fà tẹ́ ẹ jọ wà ní họ́sítẹ́lì, ẹ da owó jọ ra ẹyọ kan tó bá òfin mu, kí ẹ fi ojú kan wò ó, lórí táblẹ́ẹ̀tì tàbí tẹlifíṣọ̀n tẹ́ ẹ so fóònù mọ́. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan ń tà á ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ lè rà á ní ọ̀sẹ̀ tí ìdíje bá wà. Ó tún bá ohun tí Injiníà sọ mu: èèyàn mẹ́fà tó ń wo fídíò kan, ẹrù ẹyọ kan ló gbé lé òpó. Bí ẹ bá wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú yàrá kan náà, ẹrù mẹ́fà ni, ẹ̀yin gan-an lẹ sì ń já ara yín.

Ní agbo ilé wa ní Ẹ̀gbẹ̀, Starlink la dá owó rà. Ó dé Nàìjíríà ní oṣù kìíní 2023, sátẹ́láìtì ló ń bá sọ̀rọ̀ tààrà, kò ní í ṣe pẹ̀lú òpó ìlú. Ó dára gan-an fún ibi tí òkè ti dínà, bí ojú ọ̀run bá ti ṣí lókè díìṣì láìsí igi. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ó ń jẹ iná, ó lé ní 50 wáàtì, kò sì gbọdọ̀ kú bí ẹ bá fẹ́ máa wò. Sólà la fi ń gbé tiwa. Tí òjò ńlá bá ń rọ̀, ó máa ń dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀ kó tó padà. Ẹni tó bá dá gbé kò lè rù ú, ilé mẹ́rin tàbí márùn-ún tó jọ wà nínú ọgbà kan lè rù ú.

Ọmọ_Ògìdì

Òjò tí ẹ dárúkọ yìí, ó ń ṣe 4G náà. Kí ló fà á, Injiníà?

Injiníà_Òpó

Òjò kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan kan sí ohun tó ń lọ láti òpó sí fóònù. Àmọ́ òpó ìgbèríko wa kì í sábà ní wáyà tó so ó mọ́ ìlú ńlá. Díìṣì róbótó tí ẹ ń rí lára rẹ̀ ló fi ń bá òpó míì sọ̀rọ̀ láti orí òkè dé orí òkè, ìgbì tí díìṣì yẹn sì ń lò ga ju ti fóònù lọ fíìfíì, òjò ńlá lè dí i. Bí ọ̀nà yẹn bá ti há, gbogbo ẹni tó wà lábẹ́ òpó ló máa mọ̀ ọ́n lára, bí ọ̀pá fóònù wọn bá tilẹ̀ pé. Iná náà wà níbẹ̀: bí dísẹ̀lì bá tán tí bátìrì òpó sì ti rẹ̀, ó parí.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ tún ṣọ́ ni dátà tí wọ́n ń pè ní "unlimited". Ẹ ka ìwé rẹ̀ dáadáa. Ọ̀pọ̀ wọn ní òdiwọ̀n kan tí ẹ bá kọjá rẹ̀, wọ́n á dín ìyára yín kù títí oṣù á fi parí. Bí tiyín bá dára ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù tó sì ń já tọ̀sán-tòru ní ìparí rẹ̀, ibẹ̀ ni kí ẹ wò.

Tíṣà_Ìsánlú

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ti gbé ohun tí ẹ sọ lọ sílé. Fóònù ojú fèrèsé ló ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ jù. Nínú yàrá bàbá, −113 ni mo bá, lójú fèrèsé ẹ̀yìnkùlé, −98. Mo ti ìdíwọ̀n sí 360p, mo sì ń dá a dúró fún ìṣẹ́jú kan kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wò. Fídíò tó wà nílẹ̀ kì í sọ̀ kalẹ̀ dé òdo mọ́, kódà ní aago mẹ́wàá alẹ́. Bàbá wo ìròyìn láti orí dé ìdí, wọ́n sì ní kí n kí gbogbo yín.

Ẹ̀sùn kan ṣoṣo tí wọ́n ní ni pé àwọn kò lè ka lẹ́tà tó ń sáré kọjá nísàlẹ̀, ó ṣe bàìbàì lójú wọn. Ìyẹn náà ń kó ìdààmú bá mi torí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀.

Injiníà_Òpó

Lẹ́tà kékeré ni 360p máa ń kọ́kọ́ bà jẹ́. Bí fídíò tó wà nílẹ̀ bá ti ń dúró lórí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá sókè láìmì, ẹ gbé e sí 480p. 1.1Mbps ló ń fẹ́, kì í ṣe ohun tó ga ju òpó yín lọ nísinsìnyí. Ẹ wò ó ní alẹ́ ọjọ́ iṣẹ́, ẹ má fi alẹ́ ọjọ́ bọ́ọ̀lù dán an wò. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀, ẹ dá a padà. Ẹ má kọjá 480p fún bàbá, ojú fóònù yẹn ò lè fi ohun tó ju ìyẹn lọ hàn wọ́n tí wọ́n á fi mọ ìyàtọ̀.

Tíṣà_Ìsánlú

Mo dúpẹ́. 480p ló wà báyìí, bàbá ń kà á sókè fún màmá. Ìbéèrè ìkẹyìn, ọ̀gá Atúnfóònùṣe: fóònù àtijọ́ ojú fèrèsé yẹn, ẹnu ṣájà ló máa ń wà láti ìrọ̀lẹ́ títí di aago mọ́kànlá. Ṣé kò léwu?

Atúnfóònùṣe_Kabba

Bí bátìrì rẹ̀ kò bá tíì wú, kò léwu, bí ẹ bá mójú tó o. Ẹ yọ àpò tí ẹ fi bo ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò kí ooru lè jáde, kó dúró lórí tábìlì tàbí orí símẹ́ǹtì, kò gbọdọ̀ wà lórí bẹ́ẹ̀dì tàbí lábẹ́ kọ́tìnì. Ẹ pa iná ojú rẹ̀, hotspot ò nílò rẹ̀. Bí NEPA bá ń gbé e wá tó ń mú un lọ, inú páwà báńkì ni kí ẹ so ó mọ́, kí iná gíga má baà lu ṣájà. Kí ẹ sì máa fọwọ́ pa ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan: bí ẹ bá rí i pé ojú rẹ̀ ń là kúrò lára férémù, tàbí kò dúró pẹlẹbẹ lórí tábìlì mọ́, bátìrì ti ń wú nìyẹn. Ẹ yọ ọ́ kúrò lẹ́nu iná lójú ẹsẹ̀, ẹ má gún un, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ gbé e lọ bá ẹni tó ń tún un ṣe kó pààrọ̀ bátìrì náà.